Kéèkì Tó Gba Ohùn Lẹ́nu Àdúgbò

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ wọlé. Ẹni tó bá ní àga, kó fún ẹnì kejì ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ kéèkì ni mo fẹ́ sọ, ẹnu mi sì ti ń dami kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Aládùn. Kéèkì ló ń ṣe, kò sì sí aago nínú ilé ìdáná rẹ̀. Wọ́n ti fi aago ta á lọ́rẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Aago mọ wákàtí, kò mọ ìyẹ̀fun." Orin ló fi ń wọn iná. Ṣé ẹ rí i, ààrò onírin tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ kò níwà kan pàtó. Lónìí á gbóná bí ìbínú, lọ́la á máa lọ́ra bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń yan kéèkì á dúró níwájú ilẹ̀kùn ààrò, á jẹ́ kí ooru máa fẹ́ sí i lójú, á sì máa kọrin. Bí ooru bá le, orin á yá. Bí ooru bá rọlẹ̀, orin á falẹ̀. Orin tí ìyá rẹ̀ kọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyí:

Iná, rọra, iná, rọra,
Ọmọ kékeré ń sùn nínú páànù.
Má jó o lẹ́yìn, má jó o níkùn,
Jẹ́ kó gbéra bí ìyàwó tuntun.
Gbéra, gbéra, gbéra o!

Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ nígbà ogún, ìpele kéèkì kan ti jinná. Kì í yẹ̀.

Àfi lọ́jọ́ ọdún tó kọjá. Ìyá Aládùn ń kánjú àtikí àlejò, ó kọ ọ́ ní ìgbà mẹ́rìndínlógún, ó yọ kéèkì. Kéèkì sì rì, ó jókòó sílẹ̀ pẹlẹbẹ lójú gbogbo ẹbí, bí ọmọ tí wọ́n já ohun ìṣeré gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, àkọ́bí ìyá wọn, dìde, ó nu ẹnu tí kò tíì jẹ nǹkan kan.

"Àbúrò mi, ààrò ìyá wa ò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Tí ọdún bá tún dé, tí kéèkì aláwọ̀ méje ò dúró ní ìpele méje lórí tábìlì yìí, màá gbé ààrò lọ sílé mi."

Ìyá Aládùn náà ò kúkú gbẹ́nu dákẹ́. "Mo gbà! Kódà, kẹ́ ẹ mú alágbàárù dání!"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Òwúrọ̀ ọdún pé. Ìyá Aládùn po ìyẹ̀fun, ẹyin, bọ́tà àti ṣúgà, ó pín in sí abọ́ méje, ó kán àwọ̀ sí i: pupa, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ojú ọ̀run, àwọ̀ aró àti àwọ̀ àlùkò. Abọ́ méjèèje tò bí ọmọ iléèwé tó wọṣọ ọdún. Ó ti pupa bọ ààrò, ó bẹ̀rẹ̀ orin. Ìgbà kìíní dùn bí oyin. Nígbà tó di ìgbà kẹwàá, ohùn rẹ̀ ti ń ha. Nígbà ogún, bó ṣe fa "gbéra o!" lókè pátápátá báyìí, nǹkan kan tí kò já rí já lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, kẹ́! Ó yọ kéèkì, kéèkì rẹwà. Ó la ẹnu láti dúpẹ́, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.

Ó tún un là. Fúùù.

Abọ́ mẹ́fà ṣì ń wò ó. Ó wo ààrò tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló dì mú nígbà tó ń kọ́ ìrìn, omi sì lé ròrò sí i lójú.

Ọkọ rẹ̀, tó ń tún bàtà ṣe níwájú ilé, gbọ́ pé ilé dákẹ́. Ó sáré wọlé pẹ̀lú bàtà kan lọ́wọ́. "Kí ló dé? Ta ló ṣubú?"

Ìyá Aládùn nawọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

"Ohùn ẹ ló lọ? Yéè! Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ni mo ti ń gbàdúrà yìí, ó wá di òní kó tó gbà!"

Ṣíbí onígi bà á lórí. Ó ní òun tọrọ àforíjì, òun á kọ ti àwọ̀ ọsàn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rán àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kan, ṣé orin ló máa wá sáré kọ? Ó ń fà á, ó ń fà á, títí ìsàlẹ̀ kéèkì fi dúdú. Ọ̀bẹ bàtà ló fi họ ọ́. Bó ṣe họ ọ́ tán, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Kẹ́! Ohùn tiẹ̀ náà ti lọ.

Ni wọ́n bá juwọ́ pe Télọ̀ tó ń gbé òdìkejì. Ìyẹn fi okùn ìwọnṣọ lu itan rẹ̀ bó ṣe ń kọrin, kéèkì àwọ̀ ìyeyè sì jáde gún régé, bí ẹni pé wọ́n lọ̀ ọ́. Kẹ́! Onígbàjámọ̀ gba ti àwọ̀ ewé. Ẹ mọ̀ pé onígbàjámọ̀ ò lè dákẹ́ òfófó. Láàárín orin ló ti ń sọ ẹni tí irun rẹ̀ ń re. "Má jó o lẹ́yìn... ẹ ò sì gbọ́dọ̀ sọ fún un pé èmi ni mo sọ ọ́ o... má jó o níkùn." Àárín kéèkì tirẹ̀ bá jìn wọlé, ó pá bí orí ẹni tó ń sọ. Kẹ́! Tíṣà wá, ó ní kí gbogbo èrò tó ti kó jọ nàró, kí wọ́n máa gbè é. Bí ẹnì kan bá rẹ́rìn-ín, á tún ìlà náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín pọ̀, kéèkì àwọ̀ ojú ọ̀run wú, ó wú, ó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ààrò fúnra rẹ̀. Ohùn Tíṣà àti ti gbogbo elégbè rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kẹ́!

Ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ ní ìkóríta rí èrò, ó wá tú wọn ká. Ó fìbínú wọlé, ó sì bá ara rẹ̀ níwájú ààrò pẹ̀lú àwọ̀ aró. Ó kọ tirẹ̀ bí ẹni ń pàṣẹ, ó ń gbọ́wọ́ sókè fún iná pé kó dúró. Kéèkì náà dúró gan-an. Kẹ́!

Báyìí ni gbogbo òpópónà dákẹ́ láàárọ̀ ọdún. Àwọn èèyàn ń kí ara wọn kú ọdún wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tó ń pète ọ̀tẹ̀. Ọkọ Ìyá Aládùn ti ti páànù keje, ti àwọ̀ àlùkò, bọ ààrò kí wọ́n tó rántí pé kò sí ẹlòmíì tí ohùn kù lọ́rùn rẹ̀. Télọ̀ sáré gbé àkùkọ dé. Àkùkọ wo ẹnu ààrò. Ó ronú díẹ̀, ó rí i pé ibi tí wọ́n ti ń yan irú òun kì í ṣe ibi tó yẹ kí òun ti máa kọrin. Ó gba ojú fèrèsé lọ.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n Ìyá Aládùn dé pẹ̀lú alágbàárù mẹ́rin, okùn lọ́rùn wọn.

"Kí ló ṣe àdúgbò yìí? Ṣé ìsìnkú lẹ ń ṣe?"

Gbogbo wọn dáhùn, "Ẹ kú ọdún, Màmá." Ó dà bí atẹ́gùn tó gba inú ewé kọjá.

Ó wo kéèkì mẹ́fà lórí tábìlì, ó wo ilẹ̀kùn ààrò, ọ̀rọ̀ yé e. Ó fa àga, ó jókòó, ó ká ẹsẹ̀ lérí ara wọn. "Mi ò bá yín dá sí i. Keje ò jinná, kéèkì ò pé. Ẹ̀yin alágbàárù, ẹ tú okùn."

Ìyá Aládùn sáré wọ àárín wọn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ààrò mú, ó gbàgbé pé ó gbóná, ó yáa tètè fi í sílẹ̀.

Àánú ṣe olórí alágbàárù, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan. Òórùn kéèkì sì ti gbà á nímú. "Màmá, ẹ jẹ́ n ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo ti gbọ́ orin náà láti òpin òpópónà." Ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó sì fi ohùn tí wọ́n fi ń gbé ẹrù kọ ọ́:

"Iná, rọra, hẹ́ẹ̀! Ọmọ kékeré, hẹ́ẹ̀! Gbé e sókè, hẹ́ẹ̀!"

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ lulẹ̀. Ó di etí. Ó tú etí sílẹ̀. Ó fò dìde.

"Rárá o! Ta ló kọ́ ọ? Orin ìyá mi lo fi ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì! Bì sẹ́yìn!" Ó dúró síwájú ààrò, ooru fẹ́ sí i lójú, ó kọ ọ́ bó ṣe yẹ, láti orí dé ìdí. "Ṣé o ti gbọ́?"

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ìlà kejì ni ò tíì wọlé." Olórí alágbàárù tún kọ ọ́. "Ọmọ kékeré, hẹ́ẹ̀!"

"Olórí kunkun! Gbọ́ ọ dáadáa!"

Ó tún un kọ. Alágbàárù tún bà á jẹ́. Lẹ́yìn wọn, Ìyá Aládùn ti ń fi ìka kà. Nígbà tí ìka tán, ó ń ka ti ọkọ rẹ̀. Bí alágbàárù bá yíjú sí i, á ṣẹ́jú sí i, ìyẹn á sì tún gbàgbé ìlà mìíràn. Mi ò lè bura pé ọkùnrin náà gọ̀. Ẹni tó gọ̀ kì í wo kéèkì báyẹn.

Nígbà ogún, ẹ̀gbọ́n di ojú, ó fa "gbéra o!" bí ìyá wọn ṣe máa ń fà á gan-an. Àwọn kan tó mọ ìyá náà bọ́ fìlà.

Kẹ́!

Ẹ̀gbọ́n la ẹnu. Fúùù.

Ìyá Aládùn ṣí ààrò. Àwọ̀ àlùkò jáde, ó wú, ó rọ̀, ó ń dán. Wọ́n fi bọ́tà àti ṣúgà tí wọ́n lù pọ̀ sáàárín ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò ó. Ṣùgbọ́n ti onígbàjámọ̀ tó jìn ń fà á sẹ́yìn, ti Tíṣà tó wú ń tì í síwájú. Bí wọ́n ṣe gbé keje lé e, gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bí ọ̀mùtí. Gbogbo èèyàn nawọ́ sí i.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Kò rò ó, ẹ gbà mí gbọ́. Ọmọ oníkéèkì kì í wo kéèkì kó ṣubú. Ó fi èjìká gbé e dúró, ó gba ọ̀bẹ, ó fi bọ́tà kún ihò onígbàjámọ̀ títí tó fi tẹ́jú. Ó yọ èjìká kúrò. Kéèkì dúró. Ìpele méje.

Ó wo kéèkì, ó wo ààrò, ó wo àbúrò rẹ̀. Ó gbá ààrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó fìka tọ́ka sí àbúrò rẹ̀. Ó tán, ààrò ò kúrò mọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé e, ẹ̀rín tí kò ní ohùn, èjìká lásán ló ń mì. Gbogbo ilé bá a rẹ́rìn-ín, tí kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan, ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa dé bí ẹja inú ọpọ́n.

Àwọn alágbàárù ò kúkú wá lásán. Wọ́n so okùn mọ́ tábìlì, wọ́n gbé kéèkì jáde sójú pópó, hẹ́ẹ̀! Ẹ̀gbọ́n gé e, Ìyá Aládùn pín in. Olórí alágbàárù gba ègé méjì, ó ní ìlà kejì ti wọ òun lórí wàyí. Onígbàjámọ̀ jẹ ihò ara rẹ̀ tó kún fún bọ́tà, kò sì rí ohùn fi ṣòfófó. Kódà àkùkọ padà wá ṣa èérún.

Kálukú nu ẹnu, kálukú fọwọ́ pa ikùn, wọ́n juwọ́ síra wọn, wọ́n sì rọra gba ilé wọn lọ ní àjẹyó, ní ìdákẹ́rọ́rọ́.