Omi Tí Dalenda Dà Nù

Khemais já bọ́ láti orí àkàsọ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì gbá ẹ̀ka igi ólífì kó tó balẹ̀. Kí àwọn ará ilé rẹ̀ tó ń ká ólífì tó sáré dé, ó ti jókòó, ó ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lára ẹ̀wù.

"Kò sí nǹkan kan. Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín."

Dalenda, ìyàwó ọmọ rẹ̀, kò padà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì nílùú Sfax, láti ìgbà náà ni gbogbo ilé sì ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ń pè é ní Dókítà Ọ̀sẹ̀ Méjì. Ó wo ojú bàbá ọkọ rẹ̀, ó ti rí bí eérú. Òógùn bò ó níwájú orí nínú òtútù oṣù Kọkànlá. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú: ara tutù rinrin, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ń sáré, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ débi pé díẹ̀ ló kù kó má mọ̀ ọ́n lára.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú yín."

"Ẹ̀jẹ̀ wo? Ṣé o rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ ni?"

Ó dùbúlẹ̀ ṣá, nítorí òòyì ń kọ́ ọ, kì í ṣe pé ó gbà á gbọ́. Dalenda gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orí àpótí ólífì, ó bọ́ ìborùn ara rẹ̀, ó fi bò ó, ó sì pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Ogún ìṣẹ́jú, ni wọ́n wí.

Kó tó fi fóònù sápò, Lamjed, àbúrò ọkọ rẹ̀, ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá bàbá rẹ̀. "Jẹ́ ká gbé e jókòó, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i."

"Lamjed, fi wọ́n sílẹ̀."

"Ṣé ìwọ ni wọ́n bí ni?"

"Wọn ò bí mi. Fi wọ́n sílẹ̀."

Ló bá tún kan Mabruka, ìyá ọkọ rẹ̀, tó gbé ife omi ṣúgà dé. "Baálé mi, ẹ mu ún. Àyà yín ló já."

"Ìyá, wọn ò gbọdọ̀ mu nǹkan kan."

"Omi lásán?"

"Omi lásán náà."

"Òùngbẹ ń gbẹ mí," ni Khemais wí.

"Ṣé o gbọ́? Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń fún ọkọ mi lómi. Ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi."

Mabruka gba ẹ̀yìn orí ọkùnrin náà yọ, Dalenda dí i lọ́nà. Ó gba apá kejì, Dalenda tún dí i. Ìgbà kẹta, Dalenda gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó da omi náà sílẹ̀.

Dalenda mọ̀ pé wọn yóò máa fi omi yìí bú òun títí òun yóò fi darúgbó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti sú u pátápátá.

"Òùngbẹ yẹn gan-an wà lára àìsàn náà, Ìyá. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, inú wọn gbọ́dọ̀ ṣófo. Ẹ fi aṣọ tútù pa ètè wọn. Ìyẹn ló kù tí ẹ lè ṣe."

Mabruka dúró síbẹ̀. Ìgbà tí Khemais pe Dalenda ní orúkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ti kú, tó bi í bóyá ó ti da ewúrẹ́ wálé, ni Mabruka wá kúnlẹ̀, tó ti etí gèlè rẹ̀ bọ omi inú ìgò kan, tó sì fi pa ètè ọkọ rẹ̀.

Nǹkan kan ti ya nínú ikùn Khemais. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ náà nílé ìwòsàn.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n lọ wò ó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó nawọ́ sí Dalenda. "Èyí fẹ́ fi òùngbẹ pa mí."

"Ẹ dákẹ́ jàre," ni Mabruka wí. "Kí lẹ mọ̀?"

Kò wo ojú Dalenda. Ó kàn sún lórí àga gbọọrọ, kí àyè lè gba ẹnì kejì.