Pèrègún Lẹ́yìn Ilé Bàbá Mi

Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ Lúúsì aya Ògúnlẹ́yẹ sí mi létí! Àwọn ará àdúgbò ti sọ ọ́ títí, wọ́n ní èmi Àgbékẹ́ ọmọ Rájí ni mo ṣìkà. Ó dáa. Ẹ jókòó kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí ni ilé bàbá mi wà. Tẹ́lọ̀ ni bàbá mi, abẹ́rẹ́ àti òwú ló fi kọ́lé yìí. Èmi nìkan ni ọmọ ẹ̀ tó kù láyé, nígbà tí ọkọ mi sì kú, ibẹ̀ náà ni mo padà sí. Kí bàbá mi tó jáde láyé, ó fà mí lọ́wọ́, ó ní, "Àgbékẹ́, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yìí, má jẹ́ kí àjèjì gba ìbú ẹsẹ̀ kan níbẹ̀." Mo búra fún un. Ibẹ̀ náà la sin ín sí, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ bá kòtò àgbàrá.

Kì í ṣe pé ó kàn ń bẹ̀rù lásán. Nílé Béjidé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n gba àjèjì kan láyè kó máa gbin ẹ̀fọ́, ó bá gbin obì. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó ní igi òun ló wà níbẹ̀, òun ló nilẹ̀. Ó sì jàre! Ojú bàbá mi ló ṣe.

Ọdún tí ogun Bìáfírà parí ni Lúúsì àti Amos ọkọ ẹ̀ gba yàrá méjì lọ́wọ́ mi, àwọn àti Fúnmilọ́lá ọmọ wọn. Ará Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n. Tíṣà ni Amos, ọmọlúàbí ni, kì í sọ̀rọ̀. Ìyàwó ló lẹ́nu.

Mi ò ní í purọ́, ààtàn ni ẹ̀yìnkùlé mi nígbà yẹn. Agolo, àfọ́kù ìgò, eérú, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Wọlé-wọlé tó máa ń yẹ ilé wò ti halẹ̀ mọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Lúúsì ní òun fẹ́ bá mi tún un ṣe. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ohun tí a ó jẹ tán láàárín ọdún kan ni kó gbìn, kò gbọdọ̀ gbin igi. Ó ní, "A ti gbọ́, ìyá onílé."

Ó gbẹ́ kòtò kan, ó ń da èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ àti ewé gbígbẹ sínú ẹ̀. Mo rò pé orí ẹ̀ ò pé ni. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ó hú u síta, ó ti di ilẹ̀ dúdú minimini. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ilá, ata, gbogbo ẹ̀ yọ bí ẹni pé wọ́n rán wọn níṣẹ́. Omi ìwẹ̀ tí à ń dà nù, ó la ojú ọ̀nà fún un lọ sídìí ilá. Wọlé-wọlé dé, ó ní kò sí ẹ̀yìnkùlé tó tó o ní gbogbo àdúgbò. Ta ló wá kí? Lúúsì! Èmi onílé dúró níbẹ̀ bí òpó.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún mi. "Ìyá onílé, ẹ má sun pàǹtí mọ́, ó ń ba ilẹ̀ jẹ́." "Ìyá onílé, ẹ má gbá etí kòtò àgbàrá yẹn, ẹ jẹ́ kí koríko bò ó." Koríko! Lẹ́yìn ilé ọmọlúàbí! Ìyá tó bí mi kọ́ mi pé ilẹ̀ tí a gbá tí kò bá funfun, a ò tíì gbá a. Ṣé ọmọ àná ni yóò wá kọ́ mi nílé bàbá mi?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo ti mọ́sálásí dé, mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Kí ni mo rí? Pèrègún! Ó tò ó láti ògiri dé ògiri, nísàlẹ̀ sàréè bàbá mi. Orí mi wú. Ta ni kò mọ ohun tí à ń fi pèrègún ṣe lórí ilẹ̀? Òun la fi ń pààlà! Bó o bá ti rí i nínú oko, o ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni ti lágbájá parí sí. Àlejò ti pààlà, bàbá mi sì wà nínú ààlà ẹ̀!

"Lúúsì!" mo ké. "Jáde wá! Ta lo gbààyè lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, ìyá onílé. Etí kòtò yẹn ló ń wó. Ó ti jẹ ẹsẹ̀ méjì lọ láti èṣí, mo wọ̀n ọ́n. Orí òkè là ń gbé n'Ìmẹ̀sí, gbòǹgbò pèrègún la fi ń di ilẹ̀ mú. Bí ẹ bá fà á tu, sàréè bàbá á lọ."

"Sàréè bàbá tìẹ ni yóò lọ! Ọmọ òṣómàáló! Aṣọ lẹ̀ ń tà fún wa tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ wa lẹ tún fẹ́ gbà báyìí!"

Ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Bàbá mi ò bá yín jà, ìyá onílé."

Ọwọ́ ara mi ni mo fi fa pèrègún wọ̀nyẹn tu, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, mo dà wọ́n sínú àgbàrá. Mo gbé ọkọ́, mo ro koríko etí ibẹ̀, mo gbá a títí ó fi funfun. Àwọn aládùúgbò ń yọjú lórí ògiri. Lúúsì ṣáà dúró, omi ń bọ́ lójú ẹ̀.

"Sunkún dáadáa," mo ní. "Bí oṣù yìí bá parí, kó ẹrù ẹ. Láti òní lọ, bí mo bá rí ọwọ́ ẹ tàbí ti ọkọ ẹ lórí ilẹ̀ yìí, ọlọ́pàá ni n ó pè."

"Ó ti tó," ló wí. "Ẹ ò ní í rí i."

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ìjà yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsárì tán ni òjò dé, òun àti ìjì. Mo gbọ́ gbì lẹ́yìn ilé. Mo sáré jáde. Etí kòtò ti já, ilẹ̀ tí mo gbá funfun yẹn sì ń yọ́ lọ bí iyọ̀. Omi ti dé ìdí sàréè.

Mo gbé òkúta, mo gbé búlọ́ọ̀kù, mo gbé odó ìyá mi. Ohun tí mo bá jù sí i, omi á gbé e lọ. Mo ń pariwo, "Ẹ gbà mí o! Ẹ bá mi gba bàbá mi o!" Ariwo òjò ò jẹ́ kí ará àdúgbò gbọ́. Tọkọtaya yẹn nìkan ló gbọ́. Wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, àárín wa ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Amos ti ká ṣòkòtò sókè, ó ti mú ṣọ́bìrì. Lúúsì di apá ẹ̀ mú.

"Bàbá Fúnmi, ẹ jókòó. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, wọ́n á ní ẹ fẹ́ gbà á."

"Òkú ló wà níbẹ̀, Lúúsì."

"Mo mọ̀. Ẹ jókòó."

Amos wò mí. Ó ń retí ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi. Kí n ṣáà ní, "Tíṣà, ẹ wá, mo fún yín láyè." Wàláì, ẹnu mi ò là. Kí n fi ẹnu ara mi fún àjèjì láyè lórí ilẹ̀ tí mo búra lé? Ìbínú ni, àbí ìtìjú, Ọlọ́run ló mọ̀. Mo kẹ̀yìn sí wọn, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òkúta.

Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Amos ti gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó ti jókòó. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀ já. Mo rí pákó tí a fi bo bàbá mi, ó léfòó lójú omi pupa, ó dorí kọ odò Ọ̀ṣun. Ohun tó tẹ̀ lé e, ojú mi rí i, ẹnu mi ò ní í sọ ọ́.