Etí Dókítà Kékeré

Ẹ bi àwọn dókítà ìdílé léèrè ìdí tí wọ́n fi ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sọ́dọ̀, wọn á ní kí iṣẹ́ má bàa parun ni. Ọkọ mi náà ní tirẹ̀ lẹ́nu: "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀, tí mo tún jẹ́ ìyàwó rẹ̀, mo mọ ìdí gidi. Etí rẹ̀ ti di. Nílé, bí mo bá ń pè é wá jẹun, àwọn aládùúgbò á rò pé ìjà la ń jà.

Níbi iṣẹ́, ètè aláìsàn ló máa ń wò kó tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n àyà kò ní ètè. Bó bá ki ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà bọ etí, kò sí ohun tó ń gbọ́. Bó bá sì jẹ́wọ́, iṣẹ́ parí nìyẹn, kò sì ní nǹkan mìíràn láyé yìí ju iṣẹ́ náà lọ. Ló bá ń gba akẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbọ́ àyà, á sọ ohun tó gbọ́. Ọkọ mi á gbé ẹ̀rọ sétí, á dijú, á mi orí. "O gbọ́ ọ dáadáa." Etí ọmọ ọlọ́mọ ló fi ń ṣiṣẹ́, inú sì ń bí mi sí i lójoojúmọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó dé kẹ́yìn kéré lára débi pé àwọn aláìsàn sọ ọ́ ní Dókítà Kékeré. Á kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ mú ẹ̀rọ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó gbé e lé èèyàn láyà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ tí mo bí.

Ní ọjọ́ kan, gbẹ́nàgbẹ́nà kan wá, ó ní òyì ń kọ́ òun bí òun bá gun àtẹ̀gùn. "Màmá, pákó tí mò ń gbé tẹ́lẹ̀ ló fẹ́ máa gbé mi báyìí." A rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà gbọ́ àyà rẹ̀ títí.

"Ọ̀gá, ó jọ pé nǹkan kan ń fẹ́ bí atẹ́gùn níbi ọkàn wọn. Kò dá mi lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ."

Ọkọ mi gbé ẹ̀rọ sétí, ó dijú. Nígbà tó yọ ọ́, ó béèrè bí olùkọ́ ti í béèrè: "Kí ni ìwọ fúnra rẹ rò?"

Ọmọ náà wo ojú rẹ̀. Ojú náà ò fà ro. "Bóyá mo ṣì í gbọ́ ni, sà. Kò sí nǹkan kan."

"Ó dáa."

Bí gbẹ́nàgbẹ́nà àti ọmọ náà ti jáde ni mo pariwo sí ọkọ mi létí pé kó pè é padà. "Ọmọ yẹn ní kò sí nǹkan kan," ló wí. Ọmọ gbójú lé ọ̀gá, ọ̀gá gbójú lé ọmọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà, gbẹ́nàgbẹ́nà ṣubú lórí àtẹ̀gùn, kò sì dìde mọ́. Ọkàn rẹ̀ ni. Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Bí ìròyìn náà ti dé ni Dókítà Kékeré fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sílé. Nígbà tó padà wá, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. "Ọ̀gá, nǹkan kan ṣoṣo ni mo wá béèrè. Ẹ̀yin náà ò gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, àbí? Tí etí yín ò bá lè gbọ́ ọ, kò sí bí tèmi ṣe lè gbọ́ ọ. Màá padà sẹ́nu iṣẹ́."

Irọ́ ti wà nílẹ̀ fún ọkọ mi, ó kù kó mú un. Ọkọ mi jókòó, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mi ò gbọ́ àyà ẹnikẹ́ni mọ́, ó ti pẹ́. Etí mi ti kú. Ìwọ lo gbọ́ ọ, òótọ́ sì ni."

Mo rò pé ọmọ náà á bú u. Ìbá sàn kó bú u.

"Àwọn yòókù ńkọ́, sà? Gbogbo àwọn tí ẹ ní mo gbọ́ dáadáa?"

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ torí mi ò lè dúró wò wọ́n. Ìyá ọlọ́mọ kan ló jókòó síwájú lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ṣé Dókítà Kékeré wà? Àwọn ló gbọ́ àyà ọmọ mi lóṣù tó kọjá, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ó ṣì ń mí gúlegúle."