Ta Ló Ṣí Géètì Sílẹ̀?

Bí ẹ bá béèrè ní Ìyànà Ìbà pé ta ló lè fi Gẹ̀ẹ́sì yọ èèyàn nínú ẹjọ́ ibi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù Moṣọpẹ́ ni wọ́n máa júwe fún yín. Ṣọ́ọ̀bù náà ò tóbi: kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó máa ń gbé pépà mì, àti bẹ́ńṣì kan fún oníbàárà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ iṣẹ́ wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ jù lọ ni àwọn tí ọ̀gá wọn fún ní kúẹ̀rì, ìwé tí ọ̀gá fi ń bi òṣìṣẹ́ pé kí ló dé tó fi ṣe ohun tó ṣe.

Tíṣà kan ní sẹ́kọ́ńdìrì ló kọ́ Moṣọpẹ́ ní ọgbọ́n kan, Moṣọpẹ́ sì ti fi ọgbọ́n náà jẹun fún ọdún mẹ́sàn-án.

"Ọ̀nà méjì ni Gẹ̀ẹ́sì ní," ló máa ń sọ fún àwọn oníbàárà. "Áktíìfù àti pásíìfù. Bó bá jẹ́ ohun rere lẹ ṣe, áktíìfù ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ ti ara yín síwájú. Bó bá jẹ́ àṣìṣe, pásíìfù. Ẹ fi nǹkan náà sílẹ̀ kó dá dúró, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a ní, "Àǹtí, orí yín pé jàre!"

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, Rebecca wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó sì bú sẹ́kún. Rebecca ni olórí akọrin nínú ìjọ wọn. Nígbà tí ìyá Moṣọpẹ́ dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, Rebecca ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ilé-ìwé aládàáni kan ní Okokomaiko ló ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́.

"Kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ mi," ló wí. "Bàbá Àsánì tó ń ṣọ́ géètì lọ kírun ọ̀sán. Ó tì í kó tó lọ, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ni ọlọ́kadà bá gbé ẹrù mi wá. Mo ṣí géètì, mo gba ẹrù, mo ń tú u wò. Moṣọpẹ́, mo gbàgbé géètì!"

Ọmọ ọdún mẹ́rin kan ti gba ibẹ̀ jáde. Obìnrin ọlọ́sàn kan ló sáré gbá a mú létí títì Badagry. Nǹkan kan ò ṣe ọmọ náà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n Màdámú tó ni ilé-ìwé, tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ti fún Rebecca ní kúẹ̀rì.

"Nu ojú ẹ," ni Moṣọpẹ́ wí. "Ọ̀nà wà."

Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà. *The gate was left open*, ló tẹ̀. *The child was not noticed*. Ó ka gbogbo rẹ̀ síta. Kò sí Rebecca níbẹ̀.

"Ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn?" ni Rebecca béèrè.

"Ṣé géètì ò ṣí sílẹ̀ ni? Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀."

Rebecca dì mọ́ ọn. Moṣọpẹ́ sì ń kọ orin ìyìn bó ṣe ń ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, bàbá kan wọlé, ó di àpò ìwé kan mọ́ àyà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ahọ́n Ìṣẹ́yìn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń bá èèyàn bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Èmi ò gbọ́ ju 'come' àti 'go' lọ. Èyí tí wọ́n kọ sí mi yìí, wọ́n ní 'go' ló pọ̀ nínú ẹ̀."

Moṣọpẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gba ìwé náà. Ní ìlà kejì, ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu. Màdámú kọ ọ́ pé òun ti gbọ́ pé *the gate was left open*. Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ pé iṣẹ́ Àsánì ni ṣíṣọ́ géètì, kó jókòó sílé. Bí kò bá rí èsì gidi fi sílẹ̀ títí di Wẹ́sìdeè, kó má padà wá mọ́.

Gbólóhùn tí Moṣọpẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ fún Rebecca gan-an ni.

"Ẹ kọ ọ́ báyìí," ni Bàbá Àsánì wí. "Èmi, Àsánì, mo ti géètì. Mo fà á wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi kọ́kọ́rọ́ lé Àǹtí Rebecca lọ́wọ́, mo lọ kírun. Ìgbà tí mo dé, mo bá a ní ṣíṣí. Ó tán."

Moṣọpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ojú Rebecca wá sí i lọ́kàn, àti abọ́ oúnjẹ lọ́sibítù. Ọwọ́ rẹ̀ bá gba ọ̀nà tó ti mọ́ ọn lára.

"Ẹ kà á sí mi létí ní Yorùbá," ni Bàbá wí.

"Wọ́n ti géètì," ló kà. "Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ìtọ́jú..."

"Àwọn wo?"

"Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, Bàbá."

"Gẹ̀ẹ́sì ò mọ̀ mí ni? Àbí ẹ̀rù ń bà á láti dárúkọ èèyàn?" Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àǹtí, èmi ni mo tì í. Ẹ má yọ mí níbi tí mo ti ṣe dáadáa. Ibi tí mi ò sí ni wọ́n kúkú ti rí mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Moṣọpẹ́ lára. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń yọ èèyàn kúrò nínú ìwé, kò rò ó rí pé àyè tí èèyàn bá ti kúrò kì í ṣófo, ẹlòmíràn ni wọ́n ń fà wá síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi àná, òun ló kọ́ àwọn ọmọdé nínú ìjọ nípa ọkùnrin inú Bíbélì tó ju wúrà sínú iná, tó ní ère ọmọ màlúù ló ṣàdédé jáde. Ó bá wọn fi ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó wá rí i pé òun ti ń bá a pín iṣẹ́ ṣe tipẹ́.

"Bàbá," ló wí, kò lè wo ojú rẹ̀. "Ìwé tí Rebecca fún Màdámú, èmi ni mo kọ ọ́."

"Ẹ mọ̀ pé mo ti géètì?"

"Mo mọ̀. Ó sọ fún mi."

Bàbá Àsánì ò pariwo. Ì bá sàn bó bá pariwo.

"Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà níbi géètì yẹn," ló wí. "Láti Fúráídè tí wọ́n ti fún mi ní ìwé yìí, ìyàwó mi ò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ."

Moṣọpẹ́ kúnlẹ̀ sáàárín bẹ́ńṣì àti kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yọjú, ó rí i, ó padà sẹ́yìn.

"Ẹ dìde," ni Bàbá wí. "Ìkúnlẹ̀ ò lè dáhùn kúẹ̀rì. Ẹ kọ èyí tó tọ́."

Ó kọ ọ́ bí Bàbá ṣe sọ ọ́, orúkọ pẹ̀lú orúkọ. Ó tún tẹ ìwé kejì, tirẹ̀, pé òun ló kọ ìwé Rebecca, ó sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló pe Rebecca lórí fóònù, ó sọ ohun tó wà nínú ìwé méjèèjì fún un.

"Ìwọ lo ní kò sí irọ́ níbẹ̀," ni Rebecca wí.

"Òótọ́ ni. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Èmi àti Bàbá Àsánì ti ń bọ̀ níbẹ̀."

Nígbà tí wọ́n dé Okokomaiko, Màdámú ka ìwé méjèèjì, ó sì yọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ti Rebecca?"

"Èmi ni, mà. Mo mọ ẹni tó ṣí géètì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ orúkọ rẹ̀."

"Rebecca ní ẹ̀yin lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nínú ìjọ yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Rebecca ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti wú. Ó kúnlẹ̀. "Èmi ni mo ṣí i, mà. Mo gba ẹrù, mo gbàgbé."

Màdámú ká ìwé méjèèjì. Ó ní kí Rebecca dá kọ́kọ́rọ́ padà fún Bàbá Àsánì, kó sì wá rí òun lọ́la, òun ò tíì mọ ohun tí òun máa ṣe. Ó bẹ Bàbá Àsánì, ó ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó wá nawọ́ sí ilẹ̀kùn fún Moṣọpẹ́.

Rebecca gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò kí i.

Bàbá Àsánì sìn ín dé géètì, ó ṣí i, Moṣọpẹ́ sì jáde. Ó gbọ́ bí irin ṣe wọnú irin lẹ́yìn rẹ̀, bàbá náà sì fà á wò, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì.

"Àǹtí!" ló pè é láti inú. "Èmi ni mo tì í o!"

Ó yíjú wò ó. "Mo rí yín, Bàbá," ló dáhùn. Kò tún yíjú padà mọ́ títí ó fi dé ojú títì.