Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kí Ààrẹ Kú Oríire

Kò sí ẹni tí í dúpẹ́ lọ́wọ́ ààrẹ ẹgbẹ́. Bí àgbá epo pupa bá ń jò, Bàbá Fágbèmí ni wọ́n ń bú. Bí òjò bá ba ọ̀nà Tatonnonkon jẹ́ tí ọkọ̀ kò lè kó epo jáde, wọn a ní kí ni ààrẹ ń ṣe. Ràhámátù, akọ̀wé ẹgbẹ́ elépo yìí ní Adja-Ouèrè, mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, torí etí tirẹ̀ ni gbogbo èébú náà ń gbà kọjá. Ìdí nìyí tó fi yà á lẹ́nu láàárọ̀ ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kí Bàbá Fágbèmí kú oríire.

Ràhámátù kàn tan ẹ̀rọ ni, ó fẹ́ wo ímeèlì. Dípò ojú ewé funfun tí wọ́n fi ń wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òdòdó pupa àti ti wúrà ló bo gbogbo rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà lédè Faransé pé: Félicitations! Ẹ̀yin la yàn lónìí.

“Kí ló wí?” Bàbá Fágbèmí bèèrè.

“Ó ní ẹ kú oríire, Bàbá, ẹ̀yin làwọn yàn. Irọ́ ni o. Àwọn ẹlẹ́tàn ni.”

“Irọ́ kẹ̀? Ẹni tí kò mọ̀ mí rí, kí ló fẹ́ rí gbà lọ́wọ́ mi tí yóò fi purọ́ kí mi?”

“Ṣé ẹ tẹ nǹkan kan lánàá ni?”

“Wọ́n bi mí lójú kọ̀ǹpútà bóyá mo gbà. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni wọ́n bi mí. Ṣé kí n wá ní n kò gbà ni?”



Láti ọjọ́ náà, Bàbá kì í pẹ́ dé ọ́fíìsì mọ́. Á wọ aṣọ tó mọ́, á jókòó, á ní kí Ràhámátù ṣí i. Bí ìkíni náà bá ti yọ, á mi orí, á ní, “Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun,” bí ẹni pé ẹni tó kọ ọ́ ń gbọ́. Ó mú àwọn àgbà abúlé Kpoulou wá wò ó. Ìròyìn tàn dé ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe epo. Ìyábùnmi, olórí wọn, nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó wọlé, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Félicitations! Ẹ̀yin la yàn lónìí.

Obìnrin náà hó yèè. Ojú Bàbá Fágbèmí rẹ̀wẹ̀sì.

“Ó kí òun náà?” ó rọra bi Ràhámátù.

“Gbogbo ayé ló ń kí, Bàbá.”

“Bóyá ó ṣì í mú ni.”

Ọ̀rọ̀ náà ìbá parí sí ẹ̀rín, bí kò ṣe ti Màdámù Ọmọ́ládé tó wá láti Àjàṣẹ́, tó fẹ́ máa ra epo fún ilé oúnjẹ rẹ̀. Ó ní kí Ràhámátù fi àwòrán epo wọn tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì han òun. Ràhámátù tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sí i. Kọ̀ǹpútà gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn tó ń mú irun hù. Ó tún un tẹ̀, wọ́n bá ara wọn nídìí tẹ́tẹ́. Nígbà tó tún dán an wò, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí aṣọ ọrùn rẹ̀ kò tó nǹkan ní òun ń wá ọkọ.

Màdámù dìde. “Ṣé ilé ẹgbẹ́ elépo nìyí lóòótọ́?” Ó ní òun ń padà bọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ẹni tó ń padà bọ̀.

Ojú ti Ràhámátù. Ó pe Marcellin, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Pobè.

“Má tẹ ohunkóhun tí ojú ewé yẹn bá ní kí o tẹ̀,” ni Marcellin wí lórí fóònù. “Wá ibi tí wọ́n to àwọn àfikún tó lẹ̀ mọ́ ohun tí ẹ fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì sí. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀ níbẹ̀, yọ ọ́.”

Ràhámátù rí ọ̀kan tó ń jẹ́ Jolie Porte, ìyẹn ilẹ̀kùn tó rẹwà, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ ìwúlò rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó dá ojú ewé àkọ́kọ́ padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ó pa á, ó tún un ṣí. Félicitations!

“Ó ti padà dé!”

Marcellin rẹ́rìn-ín. “Ewé lo já, gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Wo àárín àwọn ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.”

Lóòótọ́, Jolie Porte mìíràn ti ba síbẹ̀. Ràhámátù hú u kúrò, ó dá ohun gbogbo tí wọ́n fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì padà sí bó ṣe wà nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, ó sì yí ọ̀rọ̀ àṣírí ímeèlì ẹgbẹ́ padà. Nígbà tó tún ẹ̀rọ tàn, ojú ewé náà funfun, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Fágbèmí jókòó, ó ń retí.

“Kò sọ nǹkan kan?”

“Mo ti tún un ṣe, Bàbá. Ara rẹ̀ ti dá.”

“Ara rẹ̀ dá, kò wá lè kí ènìyàn mọ́.” Ó mú fìlà rẹ̀, ó gba oko lọ.

Ràhámátù fi àwòrán epo ránṣẹ́ sí Màdámù Ọmọ́ládé, ó bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà láti padà wá. Ó rò pé wọn yóò kí òun fún ìyẹn nípàdé ẹgbẹ́. Àfi bí Ìyábùnmi ṣe dìde.

“Akọ̀wé, kí ló dé tí ẹ lé ẹni tó ń kí wa lọ?”

“Ẹlẹ́tàn ni, ìyá. Kò mọ̀ yín.”

“Àwọn tó mọ̀ mí ńkọ́? Àti ìgbà tí mo ti ń ṣe epo, ta ló kí mi rí? Bó bá jẹ́ irọ́, irọ́ náà dùn.”

Gbogbo àwọn obìnrin kùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ràhámátù wo Bàbá Fágbèmí. Bàbá ti sorí kọ́. Nínú gbogbo wọn, òun ló yẹ kó mọ bó ṣe ń dunni tó bí wọn kò bá kí ni. Ràhámátù rò pé yóò ya ẹnu, yóò kí wọn. Bàbá sì dìde lóòótọ́, ó wúkọ́.

“Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára,” ó ní. “Akọ̀wé, sọ fún kọ̀ǹpútà kó máa kí wọn.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tí ìpàdé tú, Ràhámátù ṣàlàyé fún un pé ojú ewé tó bá wuni lèèyàn lè fi ṣe àkọ́kọ́, pé òun lè fọwọ́ ara òun kọ ọ̀kan. “Kí ni ká ní kó sọ, Bàbá?”

Bàbá sún mọ́ ẹ̀rọ. “Kọ ọ́ pé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ìyá. A rí iṣẹ́ ọwọ́ yín.”

“Ó dára gan-an. Ṣé kí n kọ orúkọ yín sábẹ́ rẹ̀?”

Bàbá wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Rárá o. Bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni mo kí wọn, wọn yóò tún máa retí rẹ̀ lọ́la.”

Ràhámátù tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i.