A Kì Í Béèrè Ẹ̀sìn Níbí

Tó bá jẹ́ pé oyè ni àárẹ̀, èmi ni wọn ì bá kọ́kọ́ fi jẹ. Ẹgbẹ́ wa kò ju yàrá kan lọ, lórí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ga, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú míì la ń bá wá ilé, a ń sìn wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà, a sì ń túmọ̀ ohun tí onílé ń sọ fún wọn, a máa ń yọ èébú inú rẹ̀ kúrò ni. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, a tún máa ń kó mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti àwọn ẹlẹ́sìn míì jókòó pọ̀ kí wọ́n lè mọ ara wọn. Èmi ni akọ̀wé, èmi ni agbálẹ̀, èmi náà sì ni wọ́n ń bá wí tí tíì bá tutù. Ìyá Ọ́fíìsì ni wọ́n ń pè mí. Ọkọ mi ní kí n kúkú gbé ẹní mi lọ síbẹ̀.

Òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í rú: a kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni tó bá wọlé. Ó nídìí. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan pọn ọmọ wá, ẹnìkan sì bi í lẹ́nu ọ̀nà pé ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ ni àbí mọ́sáláṣí. Ó rò pé ohun tí òun bá fi dáhùn la máa wò ká tó ràn án lọ́wọ́. Ló bá yí padà, a ò sì rí i mọ́. Láti ìgbà náà ni Pásítọ̀ àti Àfáà, àwọn àgbà méjì tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ti fẹnu kò pé a ò ní béèrè mọ́ láé. Ẹni tó bá fẹ́ sọ, á sọ.

Bí Alága ṣe wà láàárín wa láìsọ nǹkan kan nìyẹn. Kì í ṣe alága ẹgbẹ́ kankan o, àga ló ń tò. Àgbàlagbà ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, òun nìkan ló dé láti ìlú tí ogun ti lé e. Ó máa ń sọ èdè wa bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn: á gbé ẹsẹ̀ kan, á dúró, á tún gbé ìkejì. Kí ẹnikẹ́ni tó dé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ó ti to àga, ó ti nu tábìlì, ó sì ti bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú bùútà de Àfáà lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, kí Àfáà lè ṣe àlùwàlá kó tó lọ kírun.

Àfáà á ní, "Ọlọ́hun á san yín lẹ́san, Alága."

Òun á tẹrí ba, á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí nǹkan, kó tó lọ jókòó sẹ́yìn. Èmi máa ń pariwo pé kó yé dúró sójú ọ̀nà, torí atẹ́ tíì máa ń wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí kò wá ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, inú ló bí mi, torí èmi ni mo to àga.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà lábẹ́ tábìlì ni fóònù dún. Nọ́ọ̀sì kan ló pè mí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ̀yin lẹ mọ bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Alága? Ọkàn ẹ̀ ló ń daṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ní kò jọ pé ilẹ̀ ọ̀la á mọ́ bá a. Ó ń fẹ́ káwọn èèyàn ẹ̀ wá gbàdúrà fún un."

"A ń bọ̀."

"Ta ni kí n máa retí? Ṣé pásítọ̀ ni àbí àfáà?"

Mo ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà mi lábẹ́ tábìlì.

"A ti bi í," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ó ní ká bi yín, pé ẹ mọ òun."

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀ kẹ̀? Ṣebí ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn ni yín?"

Onílé ti bú mi rí, wọ́n ti tì mí jáde ní ọ́fíìsì ìjọba, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dùn mí tó ìbéèrè ọmọ yìí. Ọmọ náà ò sì bú mi o.

Mo pe Pásítọ̀. "Háà, Alága wa!" ló ní. "Ẹ jẹ́ kí Àfáà lọ, Ìyá Ọ́fíìsì. Bí mo bá lọ, tó wá lọ jẹ́ mùsùlùmí ńkọ́? Wọn ò ní sọ pé ńṣe ni mo fẹ́ já a gbà níkẹyìn?" Mo pe Àfáà. Àfáà ní, "Pásítọ̀ ni kó lọ. Bó bá jẹ́ onígbàgbọ́, tó lajú, tó rí láwàní mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Mi ò fẹ́ da ọkàn ẹni tó ń lọ rú." Mo tún pe Pásítọ̀, ó tún ní kí Àfáà ṣáájú. Ó ti pẹ́ tí a ti ń kọ́ àwọn èèyàn pé kí wọ́n máa fàyè gba ara wọn. Àwọn méjì yìí ti wá mọ̀ ọ́n jù. Wọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ń ṣe "ẹ máa wọlé", "rárá, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ wọlé", ẹni tó ń kú sì wà nínú yàrá.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa bọ̀!" ni mo wí, mo sì pa fóònù.

Ní ilé ìwòsàn, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni bẹ́ẹ̀dì Alága wà. Ó ti kéré sí i, bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ tó sún kì. Mo kí i, mo jókòó, ẹsẹ̀ mi ń ro mí. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ohun tí ìyá mi fi tọ́ mi dàgbà nìyẹn, ó wá di dandan kí ẹnìkan máa kú lọ kí n tó rántí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni mo wí. "Ẹ̀sìn wo lẹ ń ṣe?"

Ó wò mí títí. "Ẹ ò... mọ̀?"

"A ò béèrè ni."

"Àfáà ńkọ́?"

"Àfáà náà ò mọ̀."

Ó di ojú. Omi yọ lábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. "Ládàánì ni mí," ló ní. "Ní ìlú mi. Èmi ni mò ń pe ìrun. Bàbá mi náà. Ojoojúmọ́ ni mò ń pe àwọn èèyàn. Nígbà tí mo dé ibí, mo ní, ó yẹ kẹ́nìkan pe èmi náà." Ó sinmi kó tó máa bá a lọ. "Mò ń gbé omi fún Àfáà. Mo ní, á mọ̀. Á ní, Alága, ó yá, ká lọ. Kò pè mí. Mo rò pé ó mọ̀. Mo rò pé kò fẹ́ mi ni."

Agídí ni, mi ò jiyàn. Mọ́sáláṣí ò jìnnà, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kì í ṣagídí nígbà tó bá dá wà nílẹ̀ onílẹ̀? Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Omi inú bùútà yẹn ni ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ló ń sọ ọ́, kò sì di odidi nínú ẹnikẹ́ni nínú wa. Ojú tì mí. Ó sì rẹ̀ mí débi pé ẹkún gan-an, mi ò rí i sun.

Nínú mọ́tò Pásítọ̀ làwọn méjèèjì jọ wá, síbẹ̀ wọ́n tún dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, wọ́n ń tọwọ́ sí ara wọn pé ẹ máa wọlé. Mo fa Àfáà lápá ẹ̀wù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Omi yẹn," ló ní. "Asitagafurulahi. Mo rò pé ó ń pọ́n mi lé lásán ni."

Ẹnikẹ́ni ò rán Pásítọ̀ níṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó gbé omi dé nínú ike, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ ọ wò bí ẹni tó fẹ́ wẹ ọmọ jòjòló, ó tún padà lọ pò ó títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó gbé ike náà dání, Àfáà sì fi omi rẹ̀ fọ ọwọ́, ojú àti ẹsẹ̀ Alága, díẹ̀díẹ̀. Àkókò ìrun Àsárì ti tó.

Àfáà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sétí rẹ̀. "Alága, ẹ dárí jì mí," ló ní. "Mo wá pè yín ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, nítorí àwọn aláìsàn yòókù. Kò tíì lọ jìnnà tí Alága fi gbé ìka kan sókè.

"Ẹ ń sáré," ló ní. "Ẹ fà á."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Pásítọ̀, ó bọ́ lẹ́nu èmi náà. Àfáà tó ti ń pe ìrun kí wọ́n tó bí nọ́ọ̀sì yẹn tún un pè láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ọmọ ilé kéú, ó sì fà á. Ètè Alága ń tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń pe èèyàn pé kó wá kírun, Alága la ojú. Kò fi èdè ìrun dáhùn, kò sì fi èdè ìlú rẹ̀ dáhùn. Èdè wa ló fi sọ ọ́, kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Mò ń bọ̀," ló ní. "Mò ń bọ̀ o."

Àfáà dá ìpè náà dúró, ó fi apá ẹ̀wù nu ojú. Pásítọ̀ ló gbé ọwọ́ lé e léjìká pé kó máa pè é lọ.