Aṣọ Ilẹ̀

"Ta ló ní kí ẹ kiná bọ̀ ọ́?"

Igbe tí Mùnírà ké gba gbogbo ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan. Òun ni olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀, ní Ùsì-Èkìtì. Láti ẹnu géètì ló ti rí èéfín lórí oko àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó sì sá débẹ̀ tòun ti ìborùn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tó pẹ́ dé láàárọ̀ yẹn ló dúró yí iná ká, ọkọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Ọ̀gá ni, Mà," Bùkọ́lá, ọmọbìnrin tó dàgbà jù nínú wọn, dáhùn. "Wọ́n ní àlejò ń bọ̀, ká kó ìdọ̀tí oko jọ, ká sun ún."

Ìdọ̀tí! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o. Ewé gbígbẹ tí àwọn ọmọ fi orí rù wá ni wọ́n ń pè ní ìdọ̀tí. Mùnírà ló kọ́ wọn pé aṣọ ilẹ̀ ni: bí a bá tẹ́ ẹ sídìí tòmátò, oòrùn ò ní fa omi ilẹ̀ gbẹ, bó bá sì jẹrà, á di ajílẹ̀. Nígbà tí òjò dá, tòmátò àwọn ará ìlú rọ, tiwọn ò rọ. Ohun tí àwọn àlejò láti fásitì fẹ́ wá wò gan-an nìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ mú lágbègbè Ìdó, tí wọn yóò ti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ tí kì í ba ilẹ̀ jẹ́. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Mùnírà da omi síwájú, ọ̀gá rẹ̀ wá dáná sí i!

Ọ̀gá Adékúnlé yọ sí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ ò rí i bí ibẹ̀ ṣe mọ́ tónítóní?"

"Ọ̀gá, ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá wò lẹ sun yìí! Mo sọ ọ́ fún yín títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó."

Ẹ̀rín kú lójú ọ̀gá. Ó wo èéfín, ó wo géètì. "Kò burú. A ó ní iná àwọn ọdẹ ló ràn débí."

"Aúsù bílláhì! Ọdẹ wo? Ká wá purọ́ mọ́ aláìṣẹ̀?"

Ọ̀gá kò tíì dáhùn tí ọkọ̀ àwọn àlejò fi wọlé. Dókítà Ìbíkúnlé, obìnrin tó ṣáájú wọn, dúró lẹ́bàá eérú. "Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?"

"Àwọn ọdẹ ni o, Mà," ni ọ̀gá wí.

Bùkọ́lá gbé ojú sókè, ó wo olùkọ́ rẹ̀. Irọ́ tí ọmọ náà gbọ́ yẹn ló bí Mùnírà nínú ju ewé tó jóná lọ.

"Irọ́ ni, Mà. Àwa la sun ún. Ọmọ tó bá pẹ́, oko. Èyí tó bá pariwo, oko. Èyí tí bàtà rẹ̀ ò dára, oko. Lẹ́yìn náà, a ó tún máa pariwo pé iṣẹ́ àgbẹ̀ lérè. Ta là ń tàn? Ọmọ wo ló máa tọ́jú ohun tí a fi ń fìyà jẹ ẹ́?"

Dókítà Ìbíkúnlé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún òótọ́ tó sọ, ó bá wọn kẹ́dùn, wọ́n sì wakọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn.

"Ṣé ẹ ti rí ohun tí ẹnu yín fà?" ni ọ̀gá wí, ó bínú wọ ọ́fíìsì.

Mùnírà mú àpò, ó lọ sábẹ́ àwọn igi tíìkì tó wà lẹ́yìn kíláàsì, ó ń ṣa ewé gbígbẹ. Inú ṣì ń bí i. Bùkọ́lá tẹ̀ lé e, ó kúnlẹ̀, òun náà ń ṣà.

"Ẹ má bínú, Mà. Ṣé ìyà wa ò tíì tán ni?"

"Ó ti tán. Máa lọ sí kíláàsì rẹ."

Ọmọ náà dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó lọ. Nígbà tó máa fi padà dé, apẹ̀rẹ̀ ló gbé lọ́wọ́.